Ìwé ètò ìsìnkú ọkọ, bàbá àti bàbá àgbà: báwo la ṣe ń kọ ìtàn ayé rẹ̀ kí ọmọ-ọmọ lè dá a mọ̀?

ỌmọÌjùmú kọ:

Okun o, ẹ̀yin àgbà. Okun o, ẹ̀yin ẹgbẹ́.

Ìsìnkú bàbá kan ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílẹ̀ Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogí. Àgbẹ̀ kọfí ni Bàbá, wọ́n sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ Native Authority, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ayé ìgbà yẹn, ní Kàbà nígbà èwe wọn. Ìyá ṣì wà láyé. Ọmọ méje ni wọ́n bí, ọ̀kan ti ṣáájú lọ, ọmọ-ọmọ sì ju ogún lọ. Ẹbí fẹ́ tẹ ìwé ètò olójú-ewé 24, ẹ̀dà 200. Ìtàn ayé tí wọ́n kọ́kọ́ kọ kò ju "a bí wọn, wọ́n lọ sílé ìwé, wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n sùn nínú Olúwa" lọ. Bí ẹ bá yọ orúkọ Bàbá, kí ẹ fi ti ẹlòmíràn sí i, yóò bá a mu pátápátá. Ìwé ẹ̀rí ìbí kò sí. Ìwé iṣẹ́ sọ pé 1944 ni wọ́n bí wọn, Ìyá ní Bàbá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn fọ́tò àtijọ́ ti lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù.

Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

ÌyáAkọ̀wé dáhùn:

Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Olúwa yóò tu Ìyá nínú.

Ọ̀dọ̀ Ìyá ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ìwé tó kàn. Ohun tó sì ń ba irú ìtàn yìí jẹ́ ni ìbéèrè tí a ń bi opó. Bí ẹ bá ní "irú èèyàn wo ni Bàbá?", wọn á ní "èèyàn jẹ́jẹ́ ni, wọ́n fẹ́ràn ọmọ." Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí bàbá tí wọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú. Ohun tí ojú rí, tí ọwọ́ bà, ni kí ẹ béèrè. Kí ni Bàbá máa ń kọ́kọ́ ṣe tí wọ́n bá jí? Orúkọ wo ni wọ́n fi ń pe Ìyá nígbà tí kò sí àlejò nílé? Ọbẹ̀ wo ni wọn kì í fẹ́ rí? Tí owó kọfí bá wọlé, ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún, kí ni wọ́n fi ìyókù ṣe? Nígbà tí ọmọ wọn kú, kí ni wọ́n sọ, àbí wọ́n dákẹ́? Ta ni wọ́n bá jà rí, ta ló sì bá wọn parí rẹ̀?

Ẹ má kó gbogbo ọmọ jọ síwájú Ìyá. Tí ọmọ mẹ́ta bá wà níbẹ̀, wọ́n á máa tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe: "Rárá, Màámi, Mọ̀pà ni, kì í ṣe Ìsánlú." Lẹ́ẹ̀kẹta tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, Ìyá á ní kí àwọn tó mọ̀ ọ́n máa sọ ọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Ẹnì kan tó máa béèrè àti obìnrin ilé kan tó sún mọ́ wọn ti tó. Àárọ̀ kùtù dára, kí àwọn tó ń bá wọn kẹ́dùn tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ má jẹ́ kó ju ogójì ìṣẹ́jú lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tí wọ́n bá gbàgbé lọ́jọ́ kìíní ni wọ́n á rántí lóru, wọ́n á sì ti máa dúró dè yín lọ́jọ́ kejì.

Ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ ààyè lọ́wọ́ wọn. Ẹ fi fóònù sí ipò ọkọ̀ òfuurufú (airplane mode) kí ìpè má baà já a, ẹ gbé e lé aṣọ tí a ká, nítorí orí tábìlì lásán máa ń gbé ariwo ife àti ọwọ́ wọlé. Kó má jìnnà sí ẹnu Ìyá ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ẹ pa fáànù. Ẹ kọ́kọ́ sọ ọjọ́, ìlú àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ẹ dá a dúró kí ẹ gbọ́ ọ wò.

Ọ̀rọ̀ kan kù: Ìyá kò mọ Bàbá nígbà ọmọdé. Àbúrò Bàbá tàbí ẹlẹgbẹ́ wọn tó bá ṣì wà láyé ló ní ogún ọdún àkọ́kọ́ yẹn lọ́wọ́. Ẹ wá a lọ lọ́sẹ̀ yìí gan-an. Tí ó bá jẹ́ pé ọjọ́ ìsìnkú ni ẹ máa rí i, ìwé á ti tẹ̀ tán.

ỌmọOwé dáhùn:

Lórí ọjọ́ ìbí. 1944 inú ìwé iṣẹ́ lè jẹ́ ọjọ́ orí ọ́fíìsì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wọṣẹ́ ìjọba láyé ìgbà yẹn ló lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù, wọ́n sì dín in kù kí iṣẹ́ lè gbà wọ́n tàbí kí wọ́n lè pẹ́ níbẹ̀. Ọjọ́ orí ilé yàtọ̀. Ọ̀nà tí a fi ń wá a nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ìwé àkọsílẹ̀ ìrìbọmi. Tó bá jẹ́ ìjọ Kátólíìkì, orúkọ òbí, orúkọ alágbàwí àti ọjọ́ ìbí máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ ìrìbọmi. Ẹ ṣọ́ra: bó bá jẹ́ pé ó ti dàgbà kó tó ṣèrìbọmi, ọjọ́ ìbí inú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fojú bù. Ṣọ́ọ̀ṣì tó ti ṣèrìbọmi ni kí ẹ lọ, èyí tó ń lọ nígbà tó kú lè má ní i. Tí ẹ kò bá rí tirẹ̀, ẹ wá ti àbúrò tó tẹ̀ lé e. Nígbà yẹn, ìyá kì í sábà lóyún mìíràn kí ọmọ tó já lẹ́nu ọmú, nítorí náà ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ló sábà máa ń wà láàárín ọmọ ìyá kan náà. Bí a bá bí àbúrò ní 1942, ẹ̀gbọ́n á wà ní 1939 tàbí 1940.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣẹ̀lẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ogun Hitila bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó parí ní 1945. Òṣùpá bo oòrùn lórí ilẹ̀ Nàìjíríà ní 20 May 1947, àwọn àgbà kì í gbàgbé ọjọ́ yẹn. Ọbabìnrin Ìlú Ọba wá ní 1956. Òmìnira dé ní 1960. Àwọn ọlọ́kọ̀ kúrò lápá òsì ọ̀nà bọ́ sí ọ̀tún ní 2 April 1972. Náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1 January 1973. Ẹ má béèrè pé "ọmọ ọdún mélòó ni?" Ẹ béèrè ohun tó lè ṣe nígbà yẹn: ṣé ó ti lè ru omi? Ṣé ó ti ń bá bàbá rẹ̀ lọ sóko? Ọmọ tó ti ń ru omi bọ̀ láti odò nígbà tí ogun Hitila parí kò lè kéré sí ọdún mẹ́fà, ẹ ti padà sí 1939 nìyẹn. Bí ọ̀nà méjì bá pàdé lójú kan, ẹ kọ "bí i 1939". Bí wọn kò bá pàdé, ẹ kọ "láàárín 1938 sí 1941". Ìyẹn kò dójú ti ẹnikẹ́ni.

Akọ̀wéṢọ́ọ̀ṣì dáhùn:

Mo fara mọ́ Ọmọ Owé, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọjọ́ orí ilé wọ ìwé ẹ̀rí ikú tí ẹ máa gbà lọ́dọ̀ àjọ National Population Commission. Níbẹ̀, orúkọ àti ọjọ́ ìbí gbọ́dọ̀ bá ìwé iṣẹ́, ìwé báńkì àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì mu, lẹ́tà fún lẹ́tà. Bí ọ̀kan bá ní "Olú" tí èkejì ní "Olúwa", Ìyá ló máa rìn ín kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì.

Ìwé ètò ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ìbéèrè mi nìyí: ṣé ó tọ́ ká kọ ọdún méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ síta kí àwọn èèyàn wá máa sọ pé Bàbá parọ́ ọjọ́ orí?

ỌmọOwé dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò ní láti kọ méjèèjì. "Bí i 1939" ni kí ẹ kọ sínú ìwé ètò, kí ẹ má mẹ́nu kan ti ọ́fíìsì rárá. Èyí tí mo lòdì sí ni kí ẹbí sọ ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún di ẹni ọgọ́rùn-ún kí pátákó lè dùn ún wò. Ọmọ-ọmọ á ṣe ìṣirò lọ́jọ́ kan, á rí i pé ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n Bàbá kò tó ti Bàbá, kò sì ní gba ìyókù ìwé gbọ́ mọ́.

Àtàrí Kàbà dáhùn:

Ẹ fi orúkọ ìjọba tí ìlú wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà sí i. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni "a bí wọn ní ìpínlẹ̀ Kogí ní 1939". Kò sí Kogí nígbà yẹn. Kabba Province lábẹ́ Àríwá ni, Lọ́kọ́jà sì ni olú ìlú rẹ̀. Ní 27 May 1967, a bọ́ sábẹ́ West Central State, tí wọ́n wá yí padà sí Kwara. Láti 27 August 1991 la ti wà ní Kogí. Nítorí náà bàbá kan lè gbé ilé kan ṣoṣo ní gbogbo ayé rẹ̀, kí ìwé rẹ̀ sì ní ìjọba mẹ́rin nínú. Bí ẹ bá rí "Oyi" lórí ìwé owó orí tàbí ìwé ìgbésókè lẹ́nu iṣẹ́, orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa láyé Kwara ni, kì í ṣe odò. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, kí ẹ fi gbólóhùn kan ṣàlàyé.

Bí Bàbá bá joyè, ẹ kọ ìpele oyè náà. Nílẹ̀ Owé, ìyẹn Kàbà, ìpele oyè Igemo, Orota àti Ololu kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. "Olóyè" lásán kò sọ nǹkan kan, àwọn àgbà tó bá kà á á sì bínú. Ẹ béèrè ọdún tó joyè àti ilé tí oyè náà ti wá.

ỌmọÌjùmú kọ:

Mo dúpẹ́ gan-an. Àbúrò Bàbá ṣì wà ní Ògìdì, ìrìbọmi rẹ̀ sì jẹ́ 1942, nítorí náà ó jọ pé 1939 ni. Ìbéèrè méjì: báwo la ṣe máa to orúkọ àwọn ọmọ? Àwọn kan nínú ẹbí kò fẹ́ kí orúkọ èyí tó ti kú wọ̀ ọ́. Bákan náà, ọmọ kan wà tí Bàbá tọ́ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, kì í ṣe ọmọ bíbí wọn.

ÌyáAkọ̀wé dáhùn:

Ẹ to wọ́n bí a ṣe bí wọn. Tó bá jẹ́ ilé olórogún, ẹ má pín wọn sí abẹ́ ìyàwó. Ọjọ́ ìbí ni kó máa tẹ̀ lé ara wọn, nítorí bàbá kan ni. Ọmọ obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ, ẹ kọ orúkọ àbísọ rẹ̀ ṣíwájú, kí orúkọ ọkọ tẹ̀ lé e. Ìyàwó ilé ọmọ ọkùnrin náà, orúkọ tirẹ̀ ni kí ẹ kọ, ẹ má kàn kọ "àti ìyàwó".

Ọmọ tó ti kú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ní ipò rẹ̀ gan-an, pẹ̀lú "olóògbé" níwájú orúkọ rẹ̀. Bàbá bí méje, wọn kò bí mẹ́fà. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti yọ ọdún kan tó wúwo kúrò nínú ayé wọn, Ìyá á sì mọ̀ ọ́n lára lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá kà á sí etí wọn. Tí ó bá fi ọmọ sílẹ̀, àwọn ọmọ yẹn kò gbọ́dọ̀ já kúrò nínú iye ọmọ-ọmọ. Wọ́n máa ń já kúrò, nítorí àwọn ọmọ tó wà láàyè ni a máa ń ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọ wọn ránṣẹ́, kò sì sí ẹni tó máa fi tiwọn ránṣẹ́.

Ọmọ tí wọ́n tọ́, ẹ fún un ní ìlà tirẹ̀ lẹ́yìn àwọn ọmọ bíbí. Ẹ má kà á mọ́ méje, ẹ má sì fi í sílẹ̀. "Bàbá tún tọ́ …" ti tó. Ẹ bi òun náà léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ tí a tọ́ máa ń rántí ọjọ́ tó wọlé, aṣọ tó wọ̀, ohun tí Bàbá kọ́kọ́ sọ fún un, nígbà tí ọmọ bíbí kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láti rántí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá to gbogbo rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí ẹnì kan níbẹ̀ ka orúkọ sókè, kó sì fọwọ́ sí i. Ọjọ́ méje ṣáájú kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ má gba orúkọ mọ́. Orúkọ tí a fi pẹ́ńsù kọ kún un lójú ọ̀nà ni a máa ń ṣì kọ.

Ọmọ Bùnú dáhùn:

Oríkì ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kọ ọ́ láti orí. Ẹ lọ bá obìnrin ilé tó dàgbà jù nínú agbo ilé Bàbá, kí ẹ gbà á sílẹ̀ bó ṣe ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bí ó bá fi ẹ̀ka-èdè wa sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Mo ti rí i tí wọ́n tún un ṣe sí Yorùbá ilé ìwé: ìró rẹ̀ já, kò sí ẹni tó lè kì í mọ́. Ẹ kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tó ṣòro sísàlẹ̀ ojú-ewé fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó àti Àbújá.

Ọ̀rọ̀ mìíràn ni "erin wó" àti "àràbà ńlá ṣubú". Mo nífẹ̀ẹ́ wọn lẹ́nu akéwì. Nínú ìwé ètò, gbogbo bàbá ni erin. Ìlà mẹ́rin oríkì ilé Bàbá sàn ju ojú-ewé méjì irú èyí lọ.

Bí ilé bá ní aṣọ àtijọ́, pàápàá aṣọ pupa tí àwa Bùnú ń pè ní aṣọ ìpo, tó jẹ mọ́ ìsìnkú àwọn olóyè, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ kọ ẹni tó ni ín àti bó ṣe délé. Ẹ gbé e sí ibòji níta, ẹ má ṣe tan iná fóònù sí i, àwọ̀ pupa á yí padà nínú fọ́tò.

AtẹwéMọ̀pà dáhùn:

Ojú-ewé 24 dára, nítorí ìwé tí a ń fi pínnì dè láàárín gbọ́dọ̀ ṣe é pín sí mẹ́rin. Bí ẹ bá mú 22 wá, ojú-ewé méjì á ṣófo. Ìwé A4 kan tí a ṣẹ́ po ń fúnni ní ojú-ewé A5 mẹ́rin. Èèpo jẹ́ mẹ́rin nínú 24, orí káàdì tó nípọn la máa ń tẹ̀ ẹ́. Ó ku 20, ìyẹn ìwé A4 márùn-ún fún ẹ̀dà kan. 200 ẹ̀dà jẹ́ 1,000 ìwé, rímù méjì géérégé. Ẹ ra ẹ̀kẹta, nítorí ẹ̀rọ máa ń jẹ ìwé, àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ kì í sì í tò dáadáa.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ Yorùbá jẹ́ lọ́dọ̀ àwa atẹ̀wé ni àmì. Lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ ní àmì lókè, ó ní sísàlẹ̀. Bí ẹ bá mú fáìlì Word wá, tí kọ̀ǹpútà wa kò ní fọ́ǹtì yín, àmì á fò kúrò lórí lẹ́tà tàbí kó di àpótí kékeré. Ẹ sọ ọ́ di PDF nílé, kí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ ojú-ewé kan wò, kí gbólóhùn yìí wà níbẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ ṣẹ́gun ọ̀tẹ̀." Kò ní ìtumọ̀ gidi, ṣùgbọ́n bí ó bá jáde mọ́, ìyókù á mọ́.

Fọ́tò: ẹ má ṣe fi WhatsApp ránṣẹ́ bí fọ́tò, ó máa ń fún un pọ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé (Document). Fọ́tò tó máa fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lórí ìwé nílò nǹkan bí 1,200 píkísẹ́lì ní ìbú. Èyí tó lẹ̀ mọ́ álíbọ́ọ̀mù, ẹ má fà á ya! Ẹ ya á bó ṣe wà, kódà láti orí ọ̀rá, lẹ́bàá fèrèsé, láìtan iná fóònù, kí fóònù sì dọ́gba lókè rẹ̀. Bí ọ̀rá bá ń dán, ẹ yí álíbọ́ọ̀mù padà díẹ̀díẹ̀ títí dídán á fi kúrò. Tó bá gbọdọ̀ ṣí, okùn tín-ín-rín tí a fi ń nu àárín eyín (dental floss) la máa ń yọ́ fà lẹ́yìn rẹ̀. Omi àti ooru kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ orúkọ sí ẹ̀yìn fọ́tò. Yíǹkì bíírò á yọ sójú.

Akọ̀wéṢọ́ọ̀ṣì dáhùn:

Ẹ kọ ìtàn méjì. Èyí tí wọ́n máa kà nínú ìsìn kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ 500 sí 600 lọ, nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá gùn jù, alága á ní kí wọ́n "kà á tán nílé", ibi tó dára jù ni wọ́n sì máa fò. Èyí tó gùn ni kó wà nínú ìwé. Kí ẹni tó máa kà á kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì nílé kí ọjọ́ tó pé, pàápàá orúkọ ìlú àti orúkọ àna.

ỌmọÌjùmú kọ:

Ó ku àwọn ọmọ-ọmọ. Mẹ́tàlélógún ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ wọn ti fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Bàbá àgbà mi dáa gan-an."

ÌyáAkọ̀wé dáhùn:

Ẹ dá a padà fún wọn pẹ̀lú ìbéèrè kan péré: "Sọ ohun kan tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn ṣe fún ọ tàbí kọ́ ọ." Ọ̀rọ̀ ọgọ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti dàgbà lè sọ bí Bàbá ṣe kọ́ ọ láti mọ kọfí tó pọ́n àti èyí tí a kò tíì gbọdọ̀ já. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè sọ pé Bàbá máa ń bó ọsàn fún òun láìjá èèpo. Ẹ má tún ti ọmọ kékeré ṣe. Ẹ kọ ọjọ́ orí rẹ̀ síwájú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ tí oníkálùkù fi ń pe Bàbá. Nínú ilé kan, ẹ lè rí mẹ́rin. Àwọn tí wọn kò bá Bàbá gbé, ẹ má fipá mú wọn kọ nǹkan. Orúkọ wọn wà nínú ìwé ná.

Àtàrí Kàbà dáhùn:

Ẹ dákun, kí ó tó bọ́ lọ́kàn mi. Ṣé Bàbá ní ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ iye àpò kọfí àti gbèsè sí? Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kọfí ìgbà wọn ló ní i. Tí ó bá wà, ọdún inú rẹ̀ á tún ìtàn yín ṣe ju ẹnu ẹnikẹ́ni lọ. Kọfí kì í so kó tó tó ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, nítorí náà, tí ẹ bá rí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ tà á, ẹ yọ mẹ́rin, ẹ ti mọ ìgbà tí wọ́n gbìn ín.

ỌmọÌjùmú kọ:

Ó wà! Ìyá ní ó wà nínú àpótí aṣọ, abẹ́ agbádá tí wọ́n fi ṣègbéyàwó. Ikán ti jẹ igun rẹ̀.

AtẹwéMọ̀pà dáhùn:

Ẹ má gbọn ọ́n, ẹ má sì fi oògùn kòkòrò fín in. Ẹ gbé e sórí ìwé funfun níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe sínú oòrùn. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá iyẹ̀pẹ̀ ikán kúrò láti àárín lọ sí etí. Ojú-ewé tó bá lẹ̀ mọ́ra, ẹ fi í sílẹ̀ títí yóò fi gbẹ dáadáa. Kí ẹ ya gbogbo ojú-ewé, títí kan èyí tó ṣófo, kí ẹ tó gbé e kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bébà tí kò ní àwọ̀ wé e, kí ẹ gbé e sínú àpótí irin. Ojú-ewé kan tí ìkọ̀wé Bàbá hàn dáadáa lórí rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fáìlì yín. Ẹ̀yìn èèpo ìwé ni yóò wà, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lórí rẹ̀.